Ìbọn kékeré kì í ṣe ariwo kékeré: ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbé ìbọn sábẹ́ aṣọ, ẹ ro ti etí yín

Àbúrò mi kan tó wà ní Houston, ní Texas, fi voice note ránṣẹ́ sí mi lóru ọjọ́ kan, mo ti sùn, àárọ̀ ni mo tó gbọ́ ọ. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ káàárọ̀ o, mo mọ̀ pé àárọ̀ lẹ máa gbọ́ eléyìí. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ra ìbọn ìléwọ́ kan tí mo lè máa fi sábẹ́ aṣọ, torí iṣẹ́ alẹ́ tí mò ń ṣe yìí, ibi tí mò ń gbà kọjá ò dáa rárá. Àmọ́ mi ò fẹ́ kí etí mi dà bíi ti Bàbá Ọdẹ. Mo ti rí kékeré kan tó wọ àpò ṣòkòtò, mo rò pé ariwo ìyẹn ò ní pọ̀, àbí báwo lẹ ṣe rí i?"

Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, mo rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ ìdánwò etí ni mò ń ṣe ní Adó níbí, inú ilé ọdẹ ni mo sì dàgbà sí ní Ìkẹ́rẹ́, torí náà ọ̀rọ̀ ìbọn àti etí, ojoojúmọ́ ni mò ń bá a pàdé. Ohun tó wà lọ́kàn àbúrò mi yìí ló wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn, pé bí ìbọn bá ṣe kéré tó ni ariwo rẹ̀ á ṣe kéré tó. Rárá o. Tó bá jẹ́ ọta kan náà ni ìbọn méjì ń yìn, èyí tó kúrú nínú wọn ló máa ṣe etí ẹni tó mú un dání ní jàǹbá jù. Màá ṣàlàyé ìdí rẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti Bàbá Ọdẹ fún yín.

Ẹ̀gbọ́n àwọn ìyá wa ni. Ṣakabùlà ló fi bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó yá ló wá ra double barrel, kò sì kì nǹkan kan bọ etí rí látìgbà tó ti ń ṣọdẹ, ta ló fẹ́ sọ fún un? Tí ẹ bá dúró lápá òsì rẹ̀ tí ẹ ń kí i, ẹ lè kí i títí kó má dáhùn. Tí ẹ bá yí sí ọ̀tún báyìí, á ní "Háà, ìgbà wo lo dé?" Ó pẹ́ tí àwọn ìyàwó ilé ti ń sọ pé bàbá yìí ń gbéra ga, pé ó máa ń fi ìkíni èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́. Kò gbéra ga, etí òsì rẹ̀ ló ti lọ. Ẹni tó bá ń lo ọwọ́ ọ̀tún, èjìká ọ̀tún ló máa ti ìdí ìbọn gígùn bọ̀, á wá tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́ igi ìbọn kó lè wo ọ̀ọ́kán, orí rẹ̀ fúnra rẹ̀ á ṣíji bo etí ọ̀tún, etí òsì á wá kọjú sí ẹnu ìbọn gan-an. Tí ọdẹ bá wọlé wá síbi iṣẹ́ wa, kí n tó gbé ẹ̀rọ sí i lórí ni mo ti máa ń bi í pé ọwọ́ wo lẹ fi ń yìnbọn bàbá, ẹnu á sì yà á pé báwo ni mo ṣe mọ etí tó ń dùn ún. Ìbọn ìléwọ́ ò rí bẹ́ẹ̀ o, iwájú lẹ máa nà án sí, etí méjèèjì ló máa jẹ nínú ẹ̀.

Nǹkan míì tó ń da àwọn èèyàn rú ni pé Bàbá Ọdẹ ń gbọ́ ohùn, kò kàn mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ìró tó tínínrín, tó ga sókè, ni ariwo ìbọn kọ́kọ́ máa ń kó lọ, inú ìyẹn sì ni f àti s àti ṣ àti t àti k wà. Ẹ wò ó ní èdè tiwa: ìfẹ́, ìṣẹ́, ìtẹ́, ìkẹ́. Dò-mí ni gbogbo wọn. Dò-mí yẹn wà nísàlẹ̀, bàbá ń gbọ́ ọ dáadáa, lẹ́tà kan ṣoṣo tó ya ìfẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ìṣẹ́ ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹ lè gbàdúrà ìfẹ́ fún un kó máa wo yín bíi pé ẹ fi ìṣẹ́ ṣépè fún un. Àmọ́ tí onígángan bá fi ìlù ki oríkì ọdẹ lọ́jọ́ ọdún Ògún, kò sí èyí tó máa sá mọ́ ọn lọ́wọ́, á jó títí. Ìyẹn làwọn ará ilé fi ń sọ pé etí rẹ̀ ò ní nǹkan kan ṣe, pé ohun tó wù ú ló ń gbọ́.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ má lọ máa wá ìbọn ìléwọ́ kiri o. Òfin ìbọn wa ní Nàìjíríà, ti 1959, kó ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn tí aráàlú ò gbọdọ̀ ní láìgba àṣẹ Ààrẹ fúnra rẹ̀. Ìbọn ọdẹ àti ṣakabùlà ní ìwé àṣẹ tiwọn lọ́tọ̀. Torí náà, apá tó jẹ mọ́ rírà nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwọn èèyàn wa tó wà ní Amẹ́ríkà ni mò ń bá wí, ti etí ló kan gbogbo wa, ọdẹ, Amọ̀tẹ́kùn, ọlọ́pàá, títí dé àwọn ọmọdé tó máa ń pé jọ sídìí àwọn tó ń yìnbọn níbi ìsìnkú àgbà ọdẹ. Ní Texas, látọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án 2021, ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 21 tí òfin ò kà léèwọ̀ fún lè gbé ìbọn ìléwọ́ láìgba láísẹ́ǹsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ibi kan wà tí kò gbọdọ̀ gbé e wọ̀. Ìpínlẹ̀ míì ò rí bẹ́ẹ̀, ní Illinois dandan ni láísẹ́ǹsì. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo físà ọmọ iléèwé, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: òfin ìjọba àpapọ̀ wọn sọ pé ẹni tó wà lórí irú físà bẹ́ẹ̀ ò gbọdọ̀ ní ìbọn, àfi àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ. Green card ni àbúrò mi ní ní tiẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ inú etí. Nínú lọ́hùn-ún, lẹ́yìn ìlù etí, nǹkan kan wà tó ká kọ́rọ́kọ́rọ́ bí ìkarahun ìgbín, omi ló wà nínú rẹ̀, irun wínníwínní sì tò sínú omi yẹn, nǹkan bí 15,000 sí etí kọ̀ọ̀kan nígbà tí wọ́n bí wa. Irun yẹn ló ń gba ìró tó ń fi jíṣẹ́ fún ọpọlọ. Ẹni tó bá ti rí oko ìrẹsì àwọn ará Igbemo máa mọ ohun tí mò ń sọ: atẹ́gùn á fẹ́, ìrẹsì á dọ̀bálẹ̀, tó bá yá á tún dìde. Àmọ́ ìjì lè fẹ́ tó máa ṣẹ́ ẹ ní ìdí, ìyẹn ò ní dìde mọ́. Ìrẹsì ṣì sàn, ẹ lè tún un gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Irun etí èèyàn kì í hù padà. Nígbà tẹ́ ẹ bá yìnbọn tí etí bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ìrẹ̀ alẹ́, tó wá dákẹ́ lọ́jọ́ kejì, tí ẹ wá ń sọ pé ó ti lọ, kò sí nǹkan kan, àwọn tó dìde lẹ ń gbọ́ yẹn, àwọn tó ṣẹ́ ò lè sọ̀rọ̀.

Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn ìró. Èèyàn méjì tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́, nǹkan bí 60. Àjọ NIOSH tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ní tó bá ti dé 85, wákàtí mẹ́jọ ni kéèyàn fi wà níbẹ̀ lóòjọ́ mọ, tó bá sì fi mẹ́ta-mẹ́ta lọ sókè, kí wákàtí yẹn máa pín sí méjì: 88, wákàtí mẹ́rin, 91, wákàtí méjì (ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ata lọ́jà Ọba láti àárọ̀ dalẹ́, ọjọ́ tiyín ń bọ̀, ẹ jẹ́ ká mú ti ìbọn kúrò nílẹ̀ ná). Tó bá dé 140, ọ̀rọ̀ wákàtí ti tán níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti tó láti ba etí jẹ́. Ìbọn ìléwọ́ tó ń yin ọta 9mm máa ń tó nǹkan bí 160. Nọ́ńbà yìí ò sì rí bíi ti owó o, 160 kì í ṣe 140 tí wọ́n fi ogún lé. Mẹ́wàá kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fi kún un, agbára ìró yẹn di ìlọ́po mẹ́wàá, torí náà 160 fi ìlọ́po 100 lágbára ju 140 lọ. Ó sì máa ń yá jù. Iṣan kékeré kan wà nínú etí tó máa ń fún ara rẹ̀ mọ́ra tí ariwo bá pọ̀, bí ẹni ń ti fèrèsé, àmọ́ kó tó ti fèrèsé tán, ariwo ìbọn ti wọlé, ó ti ṣe tán, ó ti jáde.

Wàyí o, kí ló dé tí ìbọn kékeré fi burú fún etí? Ẹ̀tù ni. Tí ẹ̀tù bá gbiná, ó máa di èéfín gbígbóná tó ń fi agbára ti ọta lọ síwájú nínú ọ̀pá ìbọn. Tí ọ̀pá yẹn bá gùn, agbára èéfín á ti rọ̀ díẹ̀ kó tó dé ẹnu, ẹ̀tù náà á ti jó tán. Tó bá kúrú, ńṣe ló máa jáde pẹ̀lú gbogbo agídí rẹ̀, tòun ti iná tí ò tíì jó tán, ẹnu ìbọn á sì tún sún mọ́ ojú ẹni tó mú un. Ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ máa jìyà lọ́nà méjì. Ìbọn SIG P365 tí àwọn èèyàn ń fi sápò, ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 3.1, ti Glock 19 jẹ́ 4.02. Èyí tó gùn díẹ̀ yẹn ṣì máa ń wọ abẹ́ aṣọ tí bẹ́líìtì bá dáa, ó rọrùn láti dì mú, kì í sì í fò lọ́wọ́ tó bíi kékeré. Kò ní kí ariwo di jẹ́jẹ́ o, ó ṣì ju 140 lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n nínú ibi méjì, èèyàn á mú èyí tó rọjú.

Èyí tí mo sọ fún àbúrò mi pé kó má wulẹ̀ wò ni revolver kúkúrú, ìbọn ìléwọ́ tí ibi tí ọta ń jókòó sí nínú rẹ̀ máa ń yí, tó ń yin ọta .357 Magnum. Ìyẹn máa ń kọjá 160 dáadáa, torí ọta rẹ̀ lágbára, ọ̀pá rẹ̀ kúrú, tí a bá sì tún wo revolver fúnra rẹ̀, àlàfo tín-ín-rín kan wà láàárín ibi tí ọta ń jókòó sí àti ìdí ọ̀pá, èéfín ń gba ibẹ̀ yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, nítòsí ojú yín. Ẹni tó ti ta ṣakabùlà rí mọ èyí, ihò tí iná ń gbà wọ inú ẹ̀tù yẹn náà máa ń fẹ́ iná sí èèyàn lẹ́rẹ̀kẹ́. Tó bá jẹ́ revolver lọkàn rẹ̀ fẹ́ ṣá, kó fi ọta .38 Special sí i, agbára ìyẹn kéré sí ti Magnum. Kó sì yẹra fún ìbọn tí wọ́n lu ihò sí lórí ọ̀pá kó má bàa fò lókè, torí òkè àti ẹ̀yìn ni ihò yẹn ń darí ariwo sí, ìyẹn sí ẹni tó ń yìn ín.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ọta náà máa ń da àwọn èèyàn rú. Wọ́n á ní ọta .45 ńlá, torí náà ó máa pariwo ju 9mm lọ. Kò fi bẹ́ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ọta .45 tóbi lóòótọ́, àmọ́ ìtìpá èéfín tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ò ju 21,000 psi lọ (psi ni wọ́n fi ń wọn ìtìpá), ti 9mm lè dé 35,000. Àwọn méjèèjì ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra létí. Ọta .22 kéékèèké ló rọ̀ jù nínú gbogbo wọn, síbẹ̀ látinú ìbọn ìléwọ́, ó lè dé nǹkan bí 150, torí náà ẹni tó bá ní "twenty-two lásán ni" tó yọ ìbo etí rẹ̀, ó ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Àbúrò mi tún béèrè nípa sàlẹ́ńsà. Gbogbo wa la ti wo fíìmù tí wọ́n á yìnbọn tí á dún "fúù" bí ẹni pa àbẹ́là. Sàlẹ́ńsà ìbọn àti sàlẹ́ńsà ọ̀kadà, ìyá kan náà ló bí wọn, Hiram Percy Maxim tó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ti ìbọn ní Amẹ́ríkà ní 1909 ṣe ti ẹ́ńjìnnì náà. Ohun tó ń ṣe ò ju pé ó ń fún èéfín láyè kó tutù kó tó jáde. Ó máa ń yọ nǹkan bí 20 sí 35 kúrò, tó túmọ̀ sí pé 160 lè di nǹkan bí 130, ìyẹn dáa gan-an fún etí, ṣùgbọ́n kì í ṣe "fúù" o. Àti pé ọta tó bá ń sáré ju ìró lọ, ìyẹn nǹkan bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, á máa ya afẹ́fẹ́ lọ lójú ọ̀nà, ó ní ìró tiẹ̀ tí sàlẹ́ńsà ò lè pa. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ta ọta 9mm tó wúwo, grain 147 (grain ni wọ́n fi ń wọn bí ọta ṣe wúwo tó), èyí tó ń rọra lọ, fún ẹni tó ní sàlẹ́ńsà. Ẹni tí kò ní, kò fi bẹ́ẹ̀ rí èrè nínú rẹ̀. Ìjọba wọn ní kí wọ́n forúkọ sàlẹ́ńsà sílẹ̀ látọdún 1934, àwọn ìpínlẹ̀ kan ò sì gbà á láyè rárá, yàtọ̀ sí pé ó gùn, kò ṣeé gbé sábẹ́ aṣọ. Mo ní kó gbàgbé ẹ̀.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an rèé. Lọ́jọ́ ìjàǹbá, Ọlọ́run má jẹ́ ká rí i, kò sẹ́ni tó máa sọ fún olè pé kó dúró kí òun kì fóòmù bọ etí. Ọta kan tàbí méjì tó bá máa yìn lọ́jọ́ yẹn, etí rẹ̀ á gbà á bẹ́ẹ̀. Ó tiẹ̀ lè dà bíi pé kò gbọ́ nǹkan kan, ẹ̀rù máa ń ṣe ọpọlọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ irun inú etí ti gbọ́. Ìyẹn ọjọ́ kan ṣoṣo tó lè má dé láéláé. Ẹgbẹ̀rún ọta tó máa yìn níbi tó ti ń kọ́ṣẹ́ ló lè pa etí rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti lágbára lórí ẹ̀. Ìbọn tó bá ń dùn ún lọ́wọ́ tó ń pariwo jù, kò ní fẹ́ fi kọ́ṣẹ́, ẹni tí ò kọ́ṣẹ́ sì léwu fún ará ilé rẹ̀ ju olè lọ.

Torí náà, fóòmù kékeré tí wọ́n ń kì bọ etí yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó, wọ́n á kàn gbé e sẹ́nu ihò etí bí ìdérí ìgò. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ yí i láàárín ìka títí tó máa fi tínínrín bí abẹ́rẹ́ ìhunṣọ, ẹ gba ẹ̀yìn orí na ọwọ́ kejì, ẹ fa etí yẹn sókè àti sẹ́yìn díẹ̀ kí ihò rẹ̀ lè tọ́, ẹ tì í wọlé kó tó wú, kí ẹ fi ìka dì í mú níbẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30. Tí ohùn tiyín bá wá ń dún nínú orí yín bí ẹni wà nínú ìkòkò, ó ti wọlé nìyẹn. Òwú lásán ò ṣiṣẹ́. Earpiece fóònù kì í ṣe ìbo etí. Fìlà abetí-ajá náà bo etí lóòótọ́, ẹ ṣáà mọ̀ pé ẹ̀ṣọ́ ni.

Nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sára páálí rẹ̀, NRR 33 tàbí NRR 25, ìyẹn iye dẹ́síbẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ní ó ń dín kù, ẹ má yọ ọ́ tààrà nínú 160, torí yàrá ìdánwò ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, lára ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Ìṣirò kan tí wọ́n sábà ń lò ni kí ẹ yọ méje kúrò, kí ẹ wá pín èyí tó kù sí méjì. 33 á di 13. Ó ká èèyàn lára, àbí? Ìdí rèé tí mo fi máa ń sọ pé ẹni tó ń yìnbọn nínú ilé tó ní ògiri, níbi tí ariwo ti ń lu ògiri padà wá bá a, kó kì fóòmù bọ̀ ọ́, kó tún gbé ìbo etí ńlá tó dà bíi headphone lé e. Méjèèjì pa pọ̀ kì í di ìlọ́po méjì, nǹkan bíi márùn-ún ló máa fi kún èyí tó lágbára jù nínú wọn, ṣùgbọ́n márùn-ún yẹn kì í ṣe kékeré, ẹ rántí ìṣirò wa. Apá ìgò ojú àti irun dídì máa ń ṣí ìbo etí ńlá sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ariwo á gba ibẹ̀ wọlé, ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ṣe attachment, fóòmù ni kẹ́ ẹ gbẹ́kẹ̀ lé. Ìbo etí oníbátìrì náà wà, ìyẹn máa ń jẹ́ kéèyàn gbọ́ ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, tó bá di ariwo ńlá á pa á. Irú ìyẹn ló yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹni tó fi ìbọn ṣọ́ ilé, kó lè gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń rìn nínú pálọ̀.

Tí ìbọn bá ti dún sí yín létí láìbò ó, tí etí ń hó tàbí tó dà bíi pé òwú wà nínú rẹ̀, ẹ má da àdín tàbí òróró kankan sí i. Ẹ lọ rí dókítà etí lọ́jọ́ yẹn tàbí lọ́jọ́ kejì, oògùn kan wà tí wọ́n lè lò nígbà tó ṣì tútù, tó bá ti pé oṣù kan, ìdánwò nìkan la máa ṣe fún yín.

Oṣù kejìlá àbúrò mi wálé. Kò tíì ra ìbọn, ó ní òun ṣì ń háyà oríṣiríṣi níbi tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ kó tó mọ èyí tó bá ọwọ́ òun mu, ìbo etí oníbátìrì ló kọ́kọ́ rà, ó sì ra ìkejì wá fún Bàbá Ọdẹ. Bàbá yí i wò síwá yí i wò sẹ́yìn, ó béèrè bóyá rédíò ni. A gbé e lé e lórí, mo tan bọ́tìnnì rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ń gúnyán lẹ́yìnkùlé, àwọn obìnrin ń sọ̀rọ̀ wọn lọ. Bàbá jókòó jẹ́ẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá yí orí sápá òsì, ó pariwo mọ́ wọn: "Ta lẹ ní ó ń gbéra ga?"